Àwọn Tíṣù inú Ara Ènìyàn

Tíṣù ni àkójọpọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n jọra, tí wọ́n sì jùmọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ara ohun abẹ̀mí. Sẹ́ẹ̀lì ni ohun tí ó kéré jù lọ tí ó ní ẹ̀mí nínú ara. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì bá so pọ̀, wọn a di tíṣù. Bí oríṣiríṣi tíṣù bá pa pọ̀, wọn a di ẹ̀yà ara, bí ọkàn, ẹ̀dọ̀, kídìnrín àti ìfun. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ pín tíṣù ara ènìyàn sí: tíṣù ìbora, tíṣù asopọ̀, tíṣù iṣan àti tíṣù ìmọ̀lára. Kò sí ẹ̀yà ara kan tí a kò fi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ṣe.

Ìmọ̀ nípa tíṣù ṣe pàtàkì nínú ìṣègùn, nítorí pé inú tíṣù ni ọ̀pọ̀ àrùn àti ìpalára ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọgbẹ́ kan jinná láìsí àpá, tí òmíràn sì fi àpá ńlá sílẹ̀, tí eegun tí ó kán fi ń so padà, tí ọ̀pá ẹ̀yìn tí ó já kì í sì í so mọ́, ni irú tíṣù tí ìpalára náà bá.

Ọ̀rọ̀ náà ní èdè Yorùbá

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, Yorùbá a máa lo ọ̀rọ̀ náà «iṣan» fún ohun tí ó ju ẹyọ kan lọ. A ń pe ẹran ara tí ń fà tí ó sì ń sún kì ní iṣan. A ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan. A ń pe okùn funfun tí ó so ẹran mọ́ eegun ní iṣan. A sì tún ń pe okùn tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ní iṣan. Nínú ìmọ̀ tíṣù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, nínú àyọkà yìí, «iṣan» nìkan dúró fún ẹran ara tí ń sún kì. «Iṣan ẹ̀jẹ̀» dúró fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. «Okùn ìmọ̀lára» sì dúró fún èyí tí ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ àti ara.

Ìtàn ìmọ̀ nípa tíṣù

Ní ọdún 1665, Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo èèpo igi kan, ó sì rí àwọn ihò kéékèèké tí ó jọ yàrá. Òun ni ó kọ́kọ́ pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí kí Xavier Bichat, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó sọ pé ohun tí ó yẹ kí a máa yẹ̀ wò nínú àrùn kì í ṣe odidi ẹ̀yà ara, bí kò ṣe àwọn tíṣù tí a fi ṣe é. Bichat ka tíṣù 21 láìlo awò kankan. Ó ń fi ojú lásán wò wọ́n, ó ń sè wọ́n, ó ń sá wọn gbẹ, ó sì ń rẹ wọ́n sínú ásíìdì láti mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀. Ó kú ní ọdún 1802 nígbà tí kò tíì ju ẹni ọdún 30 lọ.

Ní ọdún 1838 àti 1839, Matthias Schleiden àti Theodor Schwann ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ni a fi ṣe gbogbo ewéko àti ẹranko. Ní ọdún 1858, Rudolf Virchow, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde níbi tí ó ti ṣàlàyé pé inú sẹ́ẹ̀lì ni àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wíwo tíṣù lábẹ́ awò ti di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a fi ń mọ àrùn.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìdásílẹ̀ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní ọdún 1948, àti ti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ tí a ṣí ní ọdún 1957, ni ó mú kí ẹ̀kọ́ yìí fìdí múlẹ̀. Níbẹ̀ ni Látúndé Odékù, tí a bí ní ìlú Awẹ́ ní ọdún 1927, wá ṣiṣẹ́ ní ọdún 1962 gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Tíṣù ìmọ̀lára, tí ó ṣòro jù lọ láti tún ṣe nínú ara, ni ó fi ayé rẹ̀ tọ́jú títí ó fi kú ní ọdún 1974.

Tíṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí àtẹ alápatà

Ọ̀nà kan tí ó rọrùn láti mọ tíṣù ni láti wo ẹran màlúù, nítorí pé ìsọ̀rí mẹ́rin kan náà ni ó wà nínú ara màlúù àti ti ènìyàn. Ẹni tí ó bá dúró níwájú àtẹ alápatà ní ọjà Ìkòtún, Ìgàǹdò tàbí Ẹgbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti rí gbogbo wọn tán.

Ẹran pupa tí kò ní eegun jẹ́ tíṣù iṣan. Ọ̀rá tí ó funfun lára rẹ̀, eegun, àti kerekere tí eyín ń rún, jẹ́ tíṣù asopọ̀. Pọ̀nmọ́ jẹ́ awọ tí a ti fi iná sun irun rẹ̀, tí a sì ti ha ojú rẹ̀ kúrò. Ohun tí ó kù fún jíjẹ ni ìpele ìsàlẹ̀ awọ, tí ó jẹ́ tíṣù asopọ̀ tí ó ki. Bòkótó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá sè é tán nítorí pé púrótéènì kan tí a ń pè ní kọ́lájìn, tí ó pọ̀ nínú tíṣù asopọ̀, ti yọ́ sínú omi ọbẹ̀. Ara ṣàkì ni a ti lè rí tíṣù ìbora: ìpele tín-ín-rín tí ó bo ojú rẹ̀ tí ó rí págunpàgun, iṣan tí ń lọ oúnjẹ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọpọlọ tí a yọ nínú orí màlúù sì ni tíṣù ìmọ̀lára.

Tíṣù ìbora

Tíṣù ìbora ni ó bo gbogbo ojú ara ní ìta, tí ó sì tẹ́ inú gbogbo ihò àti ọ̀nà tí ó wà nínú ara: ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, ìfun, ẹ̀dọ̀fóró, àpò ìtọ̀ àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, bí amọ̀ tí a fi mọ ògiri, tí kò fi sí àlàfo láàárín wọn. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Láti inú tíṣù asopọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá ṣe rí ni ìrísí sẹ́ẹ̀lì ìbora ń rí. Níbi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọjá kíákíá, bí inú ẹ̀dọ̀fóró, ìpele kan ṣoṣo tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ó wà níbẹ̀. Nínú ìfun kékeré, níbi tí a ti ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ga gbọọrọ. Nínú awọ, níbi tí ìfarakanra ti pọ̀, ìpele lórí ìpele ni wọ́n. Àwọn tí ó wà lókè ti kú, wọ́n sì ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀nà èémí, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní irun tín-ín-rín tí ń gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ padà sókè. Èéfín sìgá àti ti igi ìdáná a máa ba irun wọ̀nyí jẹ́, ìdí nìyí tí ikọ́ kì í fi í tán lára ẹni tí ń fa èéfín sínú lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ tíṣù ìbora pọ̀. Ó ń dènà kòkòrò àrùn. Kì í jẹ́ kí omi ara ṣòfò. Ó ń fa oúnjẹ wọlé láti inú ìfun. Ó sì ń tú nǹkan jáde, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni a ti dá àwọn ẹṣẹ́ tí ń sun òógùn, itọ́, omijé àti wàrà ọmú. Ó tún ń yára sọ ara rẹ̀ di ọ̀tun: láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni èyí tí ó tẹ́ inú ìfun kékeré ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ti ojú awọ sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Tíṣù asopọ̀

Tíṣù asopọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ara. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so tíṣù mìíràn pọ̀, láti gbé wọn ró, láti dáàbò bò wọ́n, àti láti gbé nǹkan láti ibì kan dé ibòmíràn. Kò dà bíi tíṣù ìbora, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jìnnà sí ara wọn. Ohun mìíràn ni ó kún àárín wọn, yálà omi, fọ́nrán, tàbí ohun líle. Ohun tí ó kún àárín yìí ni ó sọ irú èyí tí ó jẹ́.

Tíṣù asopọ̀ gan-an ni ó wà lábẹ́ awọ, tí ó sì wà yí ẹ̀yà ara gbogbo ká. Èyí tí ó ki tí ó sì le nínú rẹ̀ ni a fi ṣe okùn tí ó so iṣan mọ́ eegun, àti èyí tí ó so eegun mọ́ eegun ní oríkèé. Kọ́lájìn ni ó fún un ní agbára. Ara kò lè ṣe kọ́lájìn dáadáa láìsí fítámì C, tí ó wà nínú ọsàn, gúáfà, ata tútù àti ẹ̀fọ́. Bí fítámì náà bá tán nínú ara pátápátá, èrìgì a máa ṣẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ kì í sì í san.

Ọ̀rá jẹ́ tíṣù asopọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ de ọjọ́ ìyàn. Ó ń mú ara móoru, ó sì jẹ́ tìmùtìmù fún kídìnrín àti ẹyinjú.

Kerekere, ìyẹn eegun rírọ̀, ni ó wà ní etí, ní imú, ní ọ̀nà èémí, àti ní orí eegun níbi tí oríkèé wà. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, nítorí náà kì í tètè san bí ó bá fara pa. Bí kerekere orúnkún bá jẹ tán lọ́jọ́ ogbó, eegun a máa ha eegun, ìrora a sì dé.

Eegun jẹ́ tíṣù asopọ̀ tí káṣíọ́ọ̀mù ti mú le. Eegun 206 ni ó wà nínú ara àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun òkú ni eegun, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀mí: iṣan ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń jẹ ẹ́, àwọn mìíràn sì ń kọ́ ọ padà, láti ìgbà ọmọdé títí di ọjọ́ ikú. Nínú mùdùnmúdùn rẹ̀ ni a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ tíṣù asopọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ni ó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nǹkan bíi lítà márùn-ún ni ó wà nínú ara àgbàlagbà. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri. Sẹ́ẹ̀lì funfun ń bá kòkòrò àrùn jà. Àwọn ẹ̀rún kéékèèké tí a ń pè ní pílétílẹ́ẹ̀tì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí a bá ti gé ara. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kí ó tó kú, mùdùnmúdùn a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Tíṣù iṣan

Tíṣù iṣan ni ó lè sún kì kí ó sì tún na padà, nípa bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń rìn, tí ó ń gbé nǹkan, tí ó sì ń mí. Oríṣi mẹ́ta ni ó wà.

Iṣan ara eegun ni a ń darí bí a bá ti fẹ́. Ó ju 600 lọ nínú ara, ó sì tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwọ̀n ara. Òun ni aláàárù ọjà fi ń gbé ẹrù, òun náà ni a fi ń sọ̀rọ̀, tí a fi ń ṣẹ́jú.

Iṣan dídán ni ó wà lára ògiri ìfun, àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Kò sí lábẹ́ àṣẹ ènìyàn: kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún ìfun rẹ̀ pé kí ó dúró. Òun ni ó ń ti oúnjẹ síwájú, òun ni ó sì ń ti ọmọ jáde nígbà ìrọbí.

Iṣan ọkàn kò sí níbòmíràn àfi nínú ọkàn. Ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójoojúmọ́ láìsinmi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ so mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi ń sún kì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ bá dí, apá tí kò rí ọ́síjìn gbà yóò kú, àpá ni yóò sì rọ́pò rẹ̀, nítorí pé iṣan ọkàn kò lágbára láti sọ ara rẹ̀ di ọ̀tun bíi ti awọ.

Tíṣù ìmọ̀lára

Tíṣù ìmọ̀lára ni a fi ṣe ọpọlọ, okùn tí ó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, àti àwọn okùn ìmọ̀lára tí ó tàn ká gbogbo ara. Irú sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni nẹ́úrọ́ọ̀nù, tí ń gbé ìròyìn gẹ́gẹ́ bí iná mànàmáná. Ọpọlọ ènìyàn ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 irú rẹ̀. Èkejì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì olùrànlọ́wọ́, tí ń bọ́ nẹ́úrọ́ọ̀nù, tí ń dáàbò bò ó, tí àwọn kan nínú wọn sì ń fi ọ̀rá wé e kí ìròyìn lè yára. Nínú okùn tí a wé bẹ́ẹ̀, ìròyìn lè sáré tó mítà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń lo bí ìdá kan nínú márùn-ún ọ́síjìn tí ara ń lò. Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí nínú àrùn rọpárọsẹ̀, yálà iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ dí tàbí ó bẹ́.

Bí tíṣù ṣe ń pa pọ̀ ṣiṣẹ́

Ikùn jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Tíṣù ìbora ni ó tẹ́ inú rẹ̀, tí ó ń sun omi kíkan tí ń jẹ oúnjẹ, tí ó sì ń sun ikun tí kì í jẹ́ kí omi kíkan náà jẹ ikùn fúnra rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni tíṣù asopọ̀ wà, pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni ìpele iṣan dídán tí ń po oúnjẹ. Okùn ìmọ̀lára sì wà láàárín wọn, tí ń sọ ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò dáwọ́ dúró. Bí tíṣù ìbora inú rẹ̀ bá lu, omi kíkan yóò kan ìpele tí ó wà nísàlẹ̀, èyí sì ni ọgbẹ́ inú. Ìpalára tíṣù kan a máa di wàhálà fún gbogbo yòókù.

Ìpalára àti ìtúnṣe

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,288,714 síbẹ̀. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàǹdò. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ti wáyé ní agbègbè yìí, àti àwọn ewu ojoojúmọ́ tí ó wà níbẹ̀, fi hàn bí tíṣù kọ̀ọ̀kan ṣe ń fara pa àti bí ó ṣe ń san.

Iná àti awọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọ̀pá epo kan tí a ti lu gbiná ní Abúlé-Ẹ̀gbá, ní apá àríwá agbègbè yìí, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́n epo. Ó ju 200 ènìyàn lọ tí ó bá iná náà lọ. Iná ń fi bí tíṣù ìbora ti ṣe pàtàkì tó hàn ju ohunkóhun lọ. Bí ó bá jẹ́ ojú awọ nìkan ni iná bà, awọ a pọ́n, a sì san láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan láìsí àpá. Bí ó bá wọlé sí i, awọ a lé roro. Síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìbora tí ó ṣẹ́ kù ní ìdí irun àti ní ihò òógùn lè tàn ká kí wọ́n sì bo ojú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí iná bá jó ìpele méjèèjì tán, kò sí sẹ́ẹ̀lì tí yóò tàn ká mọ́. Irú ojú iná bẹ́ẹ̀ lè máà dun ẹni náà rárá, nítorí pé orí okùn ìmọ̀lára ti jó pẹ̀lú. Àìdùn rẹ̀ kì í ṣe àmì rere. Àfi kí a bu awọ láti ibòmíràn, bí itan, kí a fi bò ó.

Ohun tí ó sábà ń pa ẹni tí iná jó, lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́, ni àìsí ìbora: omi ara ń jò lọ, kòkòrò àrùn sì ń wọlé. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣègùn fọwọ́ sí ni láti da omi tí ó tutù díẹ̀ sí ojú iná náà fún ogún ìṣẹ́jú, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí a sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín àti ẹ̀kọ ògì tí àwọn kan ń fi pa á kì í wo ó sàn. Ńṣe ni wọ́n ń fi ooru há inú tíṣù, tí wọ́n sì ń gbé kòkòrò wọlé.

Kẹ́lọ́ìdì. Bí ọgbẹ́ bá jinlẹ̀, tíṣù asopọ̀ ni ó ń dí àyè rẹ̀ pẹ̀lú kọ́lájìn, èyí tí a ń pè ní àpá. Lára àwọn kan, ara kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ kọ́lájìn dúró; àpá náà a wú, a sì tàn kọjá ibi tí ọgbẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Èyí ni kẹ́lọ́ìdì. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú ju láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Lílu etí, gígé ara àti ojú iná lè fà á. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ran ẹlòmíràn. Bí a bá kàn gé e kúrò láìsí ìtọ́jú mìíràn, ó sábà máa ń padà, ó sì lè tóbi ju ti ìṣáájú lọ.

Eegun. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọdún 2020, ó sì fi mẹ́rin kún un ní ọdún 2022. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú wọn, alùpùpù sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń kán ènìyàn lẹ́sẹ̀ jù lọ ní àwọn òpópónà Nàìjíríà. Bí eegun bá kán, ẹ̀jẹ̀ a kọ́kọ́ dì sí àárín rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kerekere rírọ̀ a so orí méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kerekere náà a di eegun. Àwọn àgbà tí ń to eegun nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé eegun lè so padà bí a bá dè é mọ́lẹ̀ tí kò mira. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni dídì í le jù: bí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè dé iṣan àti awọ tí ó wà nísàlẹ̀, tíṣù wọ̀nyí a kú, ẹsẹ̀ tí ìbá san a sì di èyí tí a gé. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìgbóbì ní Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́, ni ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Iṣan tí a tẹ̀ rẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé alájà púpọ̀ kan tí ó jẹ́ ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkòtún, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 110, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti South Africa. Ilé wíwó máa ń mú ewu kan wá tí kò hàn sójú. Bí ohun wúwo bá tẹ iṣan ẹsẹ̀ tàbí ti apá fún wákàtí púpọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a bẹ́. Nígbà tí a bá gbé ẹrù náà kúrò, ohun tí ó tú jáde láti inú wọn a wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró, ó sì lè dí kídìnrín. Eric Bywaters ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1941, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù ti wó àwọn ilé ní London: àwọn tí a yọ láàyè, tí ara wọn dà bí ẹni pé ó le, kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nítorí kídìnrín. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ìlera fi ń fa omi sí ara ẹni tí ó há kí a tó gbé ohun tí ó tẹ̀ ẹ́ kúrò.

Okùn ìmọ̀lára. Èyí tí ó wà ní apá tàbí ẹsẹ̀ lè hù padà bí a bá rán an pọ̀, ní nǹkan bíi mìlímítà kan lóòjọ́. Àwọn ti ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn kì í hù padà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, a kì í fa ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí lọ́rùn tàbí lẹ́yìn ṣákálá. Ńṣe ni a ń gbé e ní títọ́, lórí pákó tí ó tẹ́.

Àyẹ̀wò tíṣù

Bí oníṣègùn bá fura sí kókó kan, yálà nínú ọmú, ní ọrùn ilé ọmọ tàbí níbòmíràn, ó lè bu díẹ̀ nínú tíṣù náà. A ó rẹ ẹ́ sínú fọ́màlíìnì kí ó má baà jẹrà, a ó gé e ní tín-ín-rín, a ó pa á láró, a ó sì wò ó lábẹ́ awò. Ohun tí a ń wá ni bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣe tò: bí wọ́n bá ti fi ètò wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń pọ̀ sí i láìní ìjánu, tí wọ́n sì ti ya wọ inú tíṣù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, jẹjẹrẹ ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ àgbàlagbà ń bẹ̀rẹ̀ láti inú tíṣù ìbora, nítorí pé òun ni ó ń pín ara rẹ̀ nígbà gbogbo, tí èéfín, oòrùn àti kòkòrò àrùn sì ń kọ́kọ́ bá. Ẹ̀rù pé bíbu kókó wò ni ó ń mú kí jẹjẹrẹ tàn ká ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi àyẹ̀wò falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìfàsẹ́yìn náà gan-an ni ó ń fún un ní àyè láti tàn.

Fífún ẹlòmíràn ní tíṣù

Ẹ̀jẹ̀ ni tíṣù tí a ń fún ẹlòmíràn jù lọ. Nǹkan bíi mìlílítà 450 ni a ń gbà lọ́wọ́ ẹni kan lẹ́ẹ̀kan, ara a sì pèsè òmíràn rọ́pò rẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní Nàìjíríà ní abala kan tí ó sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀, tíṣù àti ẹ̀yà ara, tí ó sì fi dandan lé e pé ẹni tí ń fúnni gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde gan-an. Nínú àrùn náà, sẹ́ẹ̀lì pupa ń tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, ó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, kì í sì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ. Tíṣù tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pàápàá eegun, ni ó ń dùn wọ́n. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS, tí kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, anfààní kan nínú mẹ́rin ni ó wà nínú oyún kọ̀ọ̀kan pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Ibùdó orílẹ̀-èdè fún àrùn yìí wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó. Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun, èyí tí ó jẹ́ fífi tíṣù tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ rọ́pò òmíràn, lè wò ó sàn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Benin ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2011. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ni tíṣù rẹ̀ sábà máa ń bá ti aláìsàn mu jù, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò bá a mu. Nítorí ìdí yìí, àti nítorí owó tí ó ń ná ni, ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó ṣì ni ọ̀nà tí ó sún mọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé jù lọ.